Ìgbà Òtútù Nínú Àwọn Ilé Ìwòsàn Ìńgíláǹdì

Láàárín oṣù Kọkànlá sí oṣù Kẹta ni ọ̀rọ̀ máa ń le jù fún àwọn ilé ìwòsàn ìjọba ní Ìńgíláǹdì. NHS, ètò ìlera tí Aneurin Bevan, mínísítà fún ètò ìlera nígbà náà, ṣí ní ọjọ́ 5 oṣù Keje ọdún 1948, ló ni wọ́n. Owó orí ni wọ́n fi ń gbọ́ bùkátà rẹ̀, ẹni tó bá sì ń gbé ìlú náà kì í sanwó kí dókítà tó rí i. Nítorí náà, àìsàn yòówù tí òtútù bá kó bá ará ìlú, ọ̀dọ̀ wọn náà ló ń já sí.

Òtútù a máa fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀, ẹ̀jẹ̀ a sì máa ru. Ìdí nìyí tí àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀ fi ń pọ̀ sí i lásìkò náà. Flúù, kòrónà àti RSV, kòkòrò tó ń kọlu ọ̀nà èémí, ń tètè ràn nígbà tí àwọn ènìyàn bá ti fèrèsé mọ́rí. Lára àgbàlagbà, flúù lè di òtútù àyà kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé. Àwọn arúgbó ń yọ̀ ṣubú lórí yìnyín, egungun ìgbáròkó wọn a kán. Kòkòrò norovirus, tó ń fa èébì àti ìgbẹ́ gbuuru, tún ń dá kún un: bó bá wọ wọ́ọ̀dù, wọ́n lè má gba aláìsàn tuntun síbẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, bẹ́ẹ̀ ìgbà tí bẹ́ẹ̀dì wọ́n jù nìyẹn.

Wákàtí 4 ni òṣùwọ̀n tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Ìlànà ni pé kí 95 nínú 100 ènìyàn tó wá sí ẹ̀ka pàjáwìrì ti gba ìtọ́jú lọ sílé, tàbí kí wọ́n ti wọ wọ́ọ̀dù, láàárín àkókò náà. Oṣù Keje ọdún 2015 ni Ìńgíláǹdì bá a kẹ́yìn. Ní oṣù Kìíní ọdún 2018, wọ́n ní kí àwọn ilé ìwòsàn sún iṣẹ́ abẹ tí kò jẹ́ kánjúkánjú síwájú jálẹ̀ oṣù náà, olórí ìjọba, Theresa May, sì tọrọ àforíjì. Èyí tó burú jù títí di ìgbà náà dé ní oṣù Kejìlá ọdún 2022: àwọn aláìsàn tó lé ní 54,000 ló dúró ju wákàtí 12 lọ kí wọ́n tó rí bẹ́ẹ̀dì, lẹ́yìn tí dókítà ti ní kí wọ́n dá wọn dúró sí wọ́ọ̀dù. Áńbúláǹsì tó yẹ kó dé ọ̀dọ̀ ẹni tí rọpárọsẹ̀ kọlù láàárín ìṣẹ́jú 18, ó gbà ju wákàtí kan àbọ̀ lọ ní ìpíndọ́gba lóṣù náà.

Ẹni tó bá rí àwọn áńbúláǹsì tó tò síwájú ilé ìwòsàn lè rò pé ẹnu ọ̀nà ni ìṣòro wà. Ẹ̀yìnkùlé ló wà. Nígbà òtútù àwọn ọdún àìpẹ́ yìí, iye àwọn tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì tí ara wọn ti yá tó láti lọ, àmọ́ tí wọn kò tíì lọ, a máa ju 12,000 lójúmọ́. Òmíràn kò ní ẹni tí yóò máa wá wẹ̀ ẹ́ nílé; òmíràn ń dúró de àyè ní ilé ìtọ́jú arúgbó. Ìjọba ìbílẹ̀ ni irú ìtọ́jú yìí wà lọ́wọ́ rẹ̀, kì í ṣe NHS, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló sì ń fi owó ara wọn san án. Bí àwọn wọ̀nyí kò bá kúrò, ẹni tó wà ní ẹ̀ka pàjáwìrì kò ní rí wọ́ọ̀dù wọ̀, wọn yóò máa tọ́jú rẹ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀; áńbúláǹsì kò ní ráyè já aláìsàn rẹ̀ sílẹ̀; ìyá àgbà tó ṣubú nílé yóò sì wà nílẹ̀ títí.

Àwọn ilé ìwòsàn tó mọ èyí ti ń ṣiṣẹ́ lé e lórí. Ọjọ́ tí aláìsàn bá wọlé ni wọ́n ti ń ṣètò bí yóò ṣe jáde. Láàárọ̀, dókítà, nọ́ọ̀sì, apòògùn àti òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ń pàdé lórí ọ̀rọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Yàrá kan wà tí àwọn tó ń lọ sílé ti ń dúró de oògùn wọn, kí bẹ́ẹ̀dì lè ṣófo kó tó di ọ̀sán. Dókítà àwọn arúgbó ń dúró sí ẹ̀ka pàjáwìrì fúnra rẹ̀, kó lè dá àwọn tó bá ṣeé ṣe padà sílé lọ́jọ́ kan náà, torí pé arúgbó tó bá pẹ́ lórí bẹ́ẹ̀dì, agbára ẹsẹ̀ rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ lọ. Láti ìgbà kòrónà, ìtọ́jú láti ilé náà ti gbilẹ̀: aláìsàn á fi ẹ̀rọ kékeré kan sí ìka, ẹ̀rọ náà á sọ bí ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣe tó, nọ́ọ̀sì á sì máa pè é. Abẹ́rẹ́ àjẹsára flúù jẹ́ ọ̀fẹ́ fún ẹni ọdún 65 sókè. Ti RSV bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024 fún àwọn aláboyún àti àwọn ẹni ọdún 75 sí 79.

Ọwọ́ àwọn Yorùbá wà nínú iṣẹ́ yìí láti ìbẹ̀rẹ̀. Kòfowórọlá Àbẹ̀ní Pratt, ọmọ Èkó tó wọ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì St Thomas' ní London ní ọdún 1946, wà lára àwọn nọ́ọ̀sì aláwọ̀ dúdú tó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ nínú NHS, kó tó padà wálé di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jẹ́ olórí nọ́ọ̀sì ní UCH Ìbàdàn. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń lọ lónìí kì í padà, bẹ́ẹ̀ Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) sọ pé òṣìṣẹ́ ìlera wọn kò tó. Àwọn wọ́ọ̀dù tiwa ló ń san gbèsè náà.

Ẹ̀yin tí ẹ ní òbí ní Ìlú Ọba, ẹ rí i pé wọ́n gba abẹ́rẹ́ wọn kí òtútù tó dé. Bí ara wọn kò bá yá tí kò sì jẹ́ ọ̀ràn ẹ̀mí, 111, nọ́ńbà tẹlifóònù NHS, ni kí ẹ pè. Bí wọ́n bá sì dá wọn dúró sí ilé ìwòsàn, lọ́jọ́ àkọ́kọ́ náà ni kí ẹ ti béèrè ohun tí wọn yóò nílò kí wọ́n tó lè padà sílé.