Ìbínú Achilles

Bí a bá ní kí ìwọ òǹkàwé mi kọ ìtàn ogun kan tí wọ́n fi ọdún mẹ́wàá jà, ó dá mi lójú pé ohun tí ìwọ yóò kọ́kọ́ wá ni ìdí tí ogun náà fi bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà bí wọ́n ti jà á, àti ẹni tí ó ṣẹ́gun. Homer, àgbà akéwì àwọn Gíríìkì, kò ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú ewì rẹ̀ tí à ń pè ní Iliad, ọ̀rọ̀ kìíní pàá ni ìbínú. Ewì náà gùn ju ẹsẹ 15,000 lọ, a sì pín in sí ìwé 24. Síbẹ̀ ìwọ̀nba ọ̀sẹ̀ díẹ̀ nínú ọdún kẹwàá ogun Troy ni ó sọ̀rọ̀ lé lórí, kò sì dé ibi tí ìlú náà ti fọ́. Ohun tí ó so ó pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ni inú tí ó bí ọkùnrin kan.

Ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé gbà pé ní nǹkan bí ọ̀rúndún kẹjọ ṣáájú ìbí Kristi ni ewì náà gba irú àwọ̀ tí a mọ̀ ọ́n sí. Ẹnu ni àwọn akéwì fi ń ké irú ìtàn bẹ́ẹ̀ láti ìran dé ìran kí ó tó di ohun kíkọ sílẹ̀, ìdí nìyí tí olúkúlùkù akọni inú rẹ̀ fi ní ohun kan tí ó dà bí oríkì: ti Achilles jẹ mọ́ eré sísá, ti Hector jẹ mọ́ àṣíborí rẹ̀ tí ń dán. Ilẹ̀ tí a ń pè ní Tọ́kì lónìí ni Troy wà. Ọmọ Jámánì kan, Heinrich Schliemann, wa ilẹ̀ ibẹ̀ ní ọdún 1871, a sì ti rí i pé àwókù ìlú wà lórí àwókù ìlú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwà àwọn ènìyàn inú ewì náà ni ó kàn wá níhìn-ín, kì í ṣe àwókù ilé wọn.

Kí o tó lè mọ ohun tí ó bí Achilles nínú, o ní láti mọ ohun tí àwọn jagunjagun wọ̀nyí ń pè ní ọlá. Ọlá wọn kì í ṣe ohun tí ó fara sin sínú ọkàn. Ohun àfojúrí ni: àga iwájú níbi àsè, ẹran tí ó dára jù, ife tí ó kún, ilẹ̀ ọlọ́ràá, àti ìpín nínú ìkógun. Sarpedon, olórí àwọn ará Lycia tí wọ́n wá gbèjà Troy, la èyí yé Glaucus ọ̀rẹ́ rẹ̀ lójú ogun. Ó ní nítorí pé àwọn ènìyàn ń bu irú ọlá bẹ́ẹ̀ fún àwọn, ó di ọ̀ranyàn kí àwọn dúró níbi tí ìjà ti gbóná jù. Ó tún ní ì bá ṣe pé ẹni tí ó bá sá fún ogun kò ní í kú láéláé ni, òun kì bá tí jà. Ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí ikú kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, ó tọ́ kí àwọn wá òkìkí lọ. Ọ̀rọ̀ akin ni èyí. Síbẹ̀ àléébù ńlá kan wà nínú irú ọlá bẹ́ẹ̀: ohun tí a fi lé ènìyàn lọ́wọ́ ní gbangba, a lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní gbangba.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó rí. Agamemnon, olórí gbogbo ogun Gíríìkì, ní ẹrúbìnrin kan, Chryseis, ọmọ àwòrò Apollo. Baba ọmọ náà kó ìràpadà wá. Agamemnon fi ìwọ̀sí lé e lọ. Apollo bínú, ó sì fi àjàkálẹ̀ àrùn bá ibùdó wọn jà fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ní ọjọ́ kẹwàá, Achilles pe gbogbo wọn jọ. Nígbà tí Calchas aríran tú àṣírí ọ̀ràn náà, Agamemnon gbà láti dá ọmọbìnrin náà padà, ṣùgbọ́n ó ní òun kò ní í wà lọ́wọ́ òfo: Briseis, ẹrúbìnrin tí wọ́n pín fún Achilles, ni òun yóò gbà dípò rẹ̀. Kì í ṣe pé ẹrú wọ́n ọn. Ó fẹ́ kí gbogbo ayé mọ ẹni tí í ṣe ọ̀gá ni. (Kò sí ẹni tí ó béèrè èrò àwọn ọmọbìnrin méjèèjì. Fi èyí sọ́kàn, nítorí ènìyàn ẹlẹ́ran ara ni wọ́n ń fi wọn ọlá tí à ń wí yìí.) Achilles ti ń fa idà yọ kí Athena tó gbá a nírun mú látẹ̀yìn. Ó dá idà padà sínú àkọ̀, ṣùgbọ́n ó búra pé òun kò ní í jà mọ́.

Títí dé ibí yìí, mo rò pé ìwọ náà yóò gbè sẹ́yìn Achilles. Wọ́n rẹ́ ẹ jẹ, lójú gbogbo ènìyàn. Ṣùgbọ́n wo ohun tí ó tọrọ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, Thetis: pé kí ó bẹ Zeus kí àwọn ará Troy máa pa àwọn Gíríìkì, kí Agamemnon lè mọ àṣìṣe rẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ni ó ṣẹ̀ ẹ́. Àwọn tí wọ́n jọ ń jẹ, tí wọ́n jọ ń mu, ni ó fẹ́ kí wọ́n kú sí i.

Wọ́n sì kú. Agamemnon fi ìka àbámọ̀ bọnu, ó rán Odysseus àti Ajax lọ bẹ̀ ẹ́, pẹ̀lú Phoenix, àgbàlagbà tí ó tọ́ Achilles ní kékeré. Wọ́n bá a tí ó ń ta dùùrù, tí ó ń kọrin àwọn akọni àtijọ́: ẹni tí ó ní òun kò jà mọ́, orin ogun ni ó ń kọ! Ẹ̀bùn tí wọ́n bá wá kò kéré: tálẹ́ńtì wúrà 10, ẹṣin 12, ìlú 7, ọmọbìnrin Agamemnon fún aya, àti Briseis fúnra rẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí òfin ọlá wọn, gbèsè ti tán. Achilles fi àáké kọ́rí. Ó ní a lè kó màlúù lójú ogun, a sì lè ra ẹṣin, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí a lè fi ra ẹ̀mí tí ó ti jáde. Ìyá òun ti sọ fún òun pé bí òun bá dúró jà ní Troy, òun kò ní í délé mọ́, ṣùgbọ́n òkìkí òun kò ní í parẹ́. Bí òun bá sì lọ sílé, òun yóò pẹ́ láyé, kò sì sí òkìkí. Lójú tèmi, kò sí ọ̀rọ̀ tí ó jinlẹ̀ tó èyí nínú ewì náà. Ọkùnrin yìí ti rí i pé ọlá tí a fi ẹrù wọ̀n kò tó ẹ̀mí kan. Ẹni tí ó bá rí irú òtítọ́ bẹ́ẹ̀, ilé ni ì bá gbà lọ. Achilles kò lọ, kò sì jà. Ó jókòó ti ìbínú rẹ̀.

Patroclus, ọ̀rẹ́ tí ó fẹ́ràn jù, ni ó san owó rẹ̀. Nígbà tí Hector ti ń ti iná bọ ọkọ̀ àwọn Gíríìkì, Patroclus fi omijé bẹ Achilles kí ó jẹ́ kí òun gbé ìhámọ́ra rẹ̀ wọ̀, kí àwọn ọ̀tá lè rò pé Achilles ni. Achilles gbà, ó sì kìlọ̀ fún un pé bí ó bá ti lé wọn kúrò nídìí ọkọ̀, kí ó padà. Kò padà. Ó lé wọn dé odi Troy, ibẹ̀ ni Hector sì ti pa á. Nígbà tí Achilles gbọ́, ọwọ́ méjèèjì ni ó fi bu eruku sórí. Ó jẹ́wọ́ fún ìyá rẹ̀ pé ìbínú ní adùn tirẹ̀, adùn tí í máa pọ̀ sí i bí ó ti ń pẹ́ nínú àyà. Ìwọ tí o ti di ẹnì kan sínú rí mọ̀ pé òótọ́ ni.

Wàyí o, ìbínú náà kò kú. Ibòmíràn ni ó kọjú sí. Achilles fi òkú dí odò Scamander. Lycaon, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ti dá ẹ̀mí rẹ̀ sí nígbà kan rí, dì mọ́ orúnkún rẹ̀; ó pa á. Ó mú ọ̀dọ́mọkùnrin Troy 12 láàyè, ó sì pa wọ́n síbi iná òkú Patroclus. Ó lé Hector yí odi ìlú ká nígbà mẹ́ta, ó pa á, ó so ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ kẹ̀kẹ́ ogun, ó ń wọ́ ọ nílẹ̀, baba àti ìyá rẹ̀ sì ń wò láti orí odi. Nígbà tí ó wá ń wọ́ òkú náà kiri lójoojúmọ́, Apollo wí fún àwọn òrìṣà yòókù pé kò sí àánú nínú ọkùnrin yìí mọ́, ojú kì í sì í tì í.

Ní òru ọjọ́ kan, Priam, ọba Troy, baba Hector, wọ àgọ́ Achilles. Ó kúnlẹ̀, ó sì fi ẹnu ko ọwọ́ tí ó pa ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ rẹ̀. Ó ní kí Achilles rántí baba tirẹ̀, Peleus, tí òun náà ti darúgbó. Àwọn méjèèjì bú sẹ́kún: Priam ń sunkún Hector, Achilles ń sunkún baba rẹ̀ àti Patroclus. Lẹ́yìn náà, Achilles ní kí àwọn ìránṣẹ́bìnrin wẹ òkú náà ní ìkọ̀kọ̀, kí Priam má baà rí i bẹ́ẹ̀ kí ó bínú, kí inú má baà tún bí òun náà, kí òun sì pa arúgbó náà. Ó ti mọ ara rẹ̀ wàyí. Òun fúnra rẹ̀ ni ó gbé òkú Hector sórí ibùsùn. Wọ́n jọ jẹun, ó sì béèrè iye ọjọ́ tí Priam yóò fi sin ọmọ rẹ̀, kí òun lè dá ogun dúró.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni àwọn ará Troy fi kó igi. Ní ọjọ́ kẹwàá, wọ́n sun òkú náà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n fi wáìnì pa iná, wọ́n ṣa egungun rẹ̀ sínú àpótí wúrà, wọ́n mọ òkìtì lé e lórí, wọ́n sì lọ jẹun ní ààfin Priam. Ibẹ̀ ni ewì náà parí sí.