Bí Òfin Ṣe Jẹ́ Kí Iṣẹ́ Wọlé

Ẹ̀yin ará wa ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, kí ènìyàn wà nílé kí ó ṣiṣẹ́ kò ṣàjèjì sí wa. Ẹ̀yìnkùlé ni àwọn ìyá wa ti ń rẹ aṣọ láró, tọmọ lẹ́yìn wọn. Níhìn-ín, àfi ìgbà tí òfin dá sí i.

Oṣù kẹrin ọdún 2003 ni àwọn òbí tí ọmọ wọn kò tíì pé ọdún 6 kọ́kọ́ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè pé kí a yí wákàtí iṣẹ́ wọn padà, tàbí kí wọ́n máa ṣe é nílé. Ní 2014, ó kan gbogbo òṣìṣẹ́ tó ti lo ọ̀sẹ̀ 26. Láti ọjọ́ 6 oṣù kẹrin ọdún 2024, ọjọ́ kìíní lẹ́nu iṣẹ́ ni a ti lè béèrè; ọ̀gá sì gbọ́dọ̀ dáhùn láàárín oṣù 2.

Ẹ̀tọ́ láti béèrè kì í ṣe ẹ̀tọ́ láti rí gbà. Àwọn nọ́ọ̀sì àti awakọ̀ wa kò lè gbé iṣẹ́ wọn wálé, ṣùgbọ́n wọ́n lè tọrọ wákàtí tó bá ọmọ wọn mu. Ẹ jẹ́ kí a béèrè: ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.