Ta Ló Yan Kakí? Ìtàn Aṣọ Ilé-Ìwé Láti Datcha

Datcha wà lójú ọ̀nà ńlá tó ti Lomé gòkè lọ sí àríwá Tógò, béèyàn bá ti kọjá Atakpamé díẹ̀. Ìlú àwọn Ifẹ̀ ni, àwọn táwọn aládùúgbò wọn ń pè ní Àná. Ìtàn ẹnu wọn so wọ́n mọ́ Ilé-Ifẹ̀, ọmọ Yorùbá tó bá sì fara balẹ̀ tẹ́tí sí èdè wọn kò ní pẹ́ kó tó máa gbọ́ ọ. Ọmọ ilé-ìwé ibẹ̀ ń wọ kakí. Ìlú náà sì ní ilé-iṣẹ́ ńlá tí wọ́n kọ́ láti máa ran òwú, kí wọ́n sì máa hun aṣọ. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ dúró sí wo bí òfin ìwọṣọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ girama ṣe bẹ̀rẹ̀, bó ṣe ń yí padà, àti bó ṣe yẹ ká tún un ṣe. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò lọ́jú pọ̀: láti ìgbà tí ilé-ìwé ti dé ilẹ̀ wa, ẹni tó bá ń jọba lórí wa ló ń yan aṣọ fún ọmọ wa nítorí ohun tí òun fúnra rẹ̀ ń wá, ìyá ọmọ ló sì ń san owó rẹ̀.

Kí ìwé tó dé, agbo ilé ló ni òfin aṣọ. Ọmọ kékeré a máa so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ ìdí, a máa sáré káàkiri, kò sẹ́ni tí yóò bá a wí. Bí ọmọbìnrin bá ń dàgbà, ìyá rẹ̀ a fún un ní tòbí. Ọjọ́ tó bá kọ́kọ́ ró ìró, gbogbo ilé á mọ̀ pé ó ti tó ẹni tí à ń wò. Ọkùnrin náà ní ọjọ́ tí bàbá rẹ̀ máa dá ṣòkòtò fún un. Ọjọ́ orí ló ń pàṣẹ, ẹbí ló sì ń mú un ṣẹ.

Àwọn míṣọ́nnárì ló gba àṣẹ náà lọ́wọ́ ẹbí. Thomas Birch Freeman gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní 1842, ilé-ìwé sì tẹ̀ lé e láìpẹ́. Nígbà tó fi máa di 1859, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì CMS ti dá ilé-ẹ̀kọ́ girama sílẹ̀ ní Èkó, Thomas Babington Macaulay, ọkọ ọmọ Àjàyí Crowther, sì ni ọ̀gá rẹ̀ àkọ́kọ́. Ìwé kíkà àti aṣọ wíwọ̀ jọ wọlé ni. Ọmọ tó bá gbàgbọ́ gbọ́dọ̀ bo ara rẹ̀, ọmọbìnrin ilé míṣọ́n sì gbọ́dọ̀ kọ́ abẹ́rẹ́ àti òwú mọ́ Bíbélì. Àṣà yìí ti pẹ́ nílé àwọn tó mú un wá. Láti 1552 tí wọ́n ti dá Christ's Hospital sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ́nù fún ọmọ aláìní ni wọ́n ti ń wọ àwọn ọmọ ibẹ̀ ní ẹ̀wù búlúù gígùn, wọ́n sì ń wọ̀ ọ́ títí dòní. Aṣọ àánú ni nígbà náà. Ẹni tó bá rí ọmọ náà nígboro á mọ̀ pé ọmọ tí wọ́n ń fi ọrẹ tọ́ ni.

Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló gbà. Ní Èkó ní àwọn ọdún 1890, àwọn ọ̀mọ̀wé kan bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ kóòtù sílẹ̀. David Brown Vincent, oníwàásù ìjọ Onítẹ̀bọmi, yí orúkọ rẹ̀ padà sí Mọ́jọlá Agbébí ní 1894, aṣọ Yorùbá ló sì ń wọ̀ títí kan ìgbà tó bá lọ sókè òkun. Mo ka ọkùnrin yìí sí ẹni iyì, nítorí ó kọ́ wa pé èèyàn lè mọ̀wé kó má sì bọ́ra sílẹ̀ fún ẹni tó kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò wọ ọgbà ilé-ìwé. Àgbàlagbà lè yan aṣọ tó wù ú. Wọ́n kì í bi ọmọ ilé-ìwé léèrè.

Ní Tógò, ọ̀nà òwú ni ìtàn náà gbà. Àwọn ará Jámánì gba ilẹ̀ náà ní 1884. Òwú ni wọ́n fẹ́ fún àwọn ẹ̀rọ ìhunṣọ ilé wọn. Ní 1901, wọ́n mú àwọn ọmọ adúláwọ̀ Amẹ́ríkà wá láti Tuskegee, ilé-ẹ̀kọ́ Booker T. Washington ní Alabama, pé kí wọ́n wá fi bí wọ́n ṣe ń gbin òwú han àwọn àgbẹ̀ ní Tove. Ọ̀kan nínú wọn, John Robinson, dá ilé-ẹ̀kọ́ òwú sílẹ̀ ní Notsé ní 1904, wọ́n sì kó àwọn ọ̀dọ́ láti agbègbè gbogbo lọ síbẹ̀. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí: ọmọ Tógò ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbin ohun tí wọ́n fi ń hun aṣọ, òwú náà ń bá ojú irin lọ sétí òkun, aṣọ sì ń padà bọ̀ láti òkèèrè kí wọ́n lè tà á fún bàbá ọmọ náà. Nígbà tí ojú irin dé ìtòsí Atakpamé ní nǹkan bíi 1911, àwọn Ifẹ̀ agbègbè náà bọ́ sínú òwò yìí tọwọ́-tẹsẹ̀. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, ní oṣù Kẹjọ 1914, àwọn ará Jámánì fi ọwọ́ ara wọn ba ilé-iṣẹ́ rédíò ńlá tí wọ́n kọ́ sí Kamina, ní ẹ̀gbẹ́ Atakpamé, wọ́n sì túúbá. Àwọn Faransé ló gba ìlà oòrùn Tógò lẹ́yìn wọn.

Kakí fúnra rẹ̀, aṣọ ológun ni. Àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ní Íńdíà ló kọ́kọ́ lò ó ní àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nítorí àwọ̀ rẹ̀ jọ eruku, ọ̀tá kì í tètè rí ẹni tó bá wọ̀ ọ́. Láti ara sójà ó bọ́ sára ọlọ́pàá, láti ara ọlọ́pàá ó bọ́ sára akọ̀wé ìjọba àti tíṣà, ẹ̀yìn ìyẹn ló kan ọmọ ilé-ìwé. Ó pé àwọn aláṣẹ. Aṣọ náà ki, kì í tètè ya, kì í tètè fi ìdọ̀tí hàn, gbogbo ọmọ tó bá sì tò sórí ìlà lówùúrọ̀ nínú rẹ̀ á dà bí ọmọ ogun kékeré. Ohun tí ìmúnisìn ń wá lọ́wọ́ ilé-ìwé náà nìyẹn: èèyàn tó bá gbọ́ agogo, á dúró ṣánṣán.

Síbẹ̀ àwọn ìyá sọ kakí di tiwọn. Bí oṣù Kẹsàn-án bá ti ń sún mọ́lé, ìyá a gbé aṣọ lọ bá aránṣọ, ohun tó sì máa kọ́kọ́ sọ ni pé kó má rán an mọ́ ọmọ lára, kó ṣẹ́ etí rẹ̀ sínú dáadáa. Etí yẹn ni wọ́n máa tú lọ́dún tó ń bọ̀. Bí wọ́n bá tú u, ibi tó wà nínú ṣì máa dúdú nígbà tí ara aṣọ yòókù ti ṣá, ìlà kan á sì wà láàárín wọn tí ọṣẹ kankan kò lè bó. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n wò lè ti ara ìlà bẹ́ẹ̀ ka ọdún tí ọmọ ti lò nínú aṣọ kan. Ìdí ṣòkòtò ló máa ń kọ́kọ́ ya nítorí bẹ́ǹṣì, wọ́n á lẹ̀ ẹ́. Bí ẹ̀gbọ́n bá ga jù ú lọ, àbúrò á jogún rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ yí àwọ̀ aṣọ ilé-ìwé padà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rántí ogún yìí, nítorí ọjọ́ tí àwọ̀ bá yí padà, ogún náà ti parẹ́ nìyẹn.

Tógò gba òmìnira ní 27 oṣù Kẹrin 1960. Láàárín àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n kọ́ ilé-iṣẹ́ aṣọ sí Datcha, owó àwọn ará Jámánì sì wà nínú rẹ̀. Lójú mi, òmìnira kò ní ẹ̀rí tó ju èyí lọ: pé kí òwú tó hù nílẹ̀ Tógò di aṣọ ní ilẹ̀ Tógò, ní ìlú kan tí ọmọ Odùduwà ń gbé. Ṣùgbọ́n àwọn ọdún 1980 kò rọgbọ. Gbèsè àti aṣọ òkèèrè tó pọ̀ lọ́jà fún ilé-iṣẹ́ náà lọ́rùn, ó ti ilẹ̀kùn, ó tún ṣí, ó bọ́ sọ́wọ́ àwọn olówó àjèjì.

Kí ìṣòro yẹn tó dé, ìjọba ti rí i pé ọmọ ilé-ìwé wúlò lójú agbo. Lẹ́yìn tí ọkọ̀ òfuurufú ààrẹ já ní Sarakawa ní 24 oṣù Kínní 1974, Eyadéma, ààrẹ náà, pàṣẹ pé kí gbogbo èèyàn padà sí orúkọ ìbílẹ̀. Òun náà fi Étienne sílẹ̀, ó di Gnassingbé. Wọ́n ń kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jáde láti jó àti láti kọrin yin ààrẹ. Ní 1975, àtúnṣe ètò ẹ̀kọ́ sọ èdè Ewé àti Kabiyè di èdè orílẹ̀-èdè nínú ilé-ìwé. Èdè Ifẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ọmọ Datcha wá wà nínú aṣọ tí ọmọ ogun òyìnbó fi lọ́lẹ̀, ó ń kàwé lédè Faransé, wọ́n sì ń sọ fún un pé àṣà ìbílẹ̀ ni wọ́n ń gbé ga.

Ara ọmọbìnrin ni ọwọ́ àwọn aláṣẹ wúwo lé jù. Ìwé àṣẹ kan tó jáde ní 15 oṣù Kejìlá 1978 lé ọmọbìnrin tó bá lóyún kúrò nílé-ìwé ní Tógò. Títí di 2022 ni ọ̀rọ̀ yìí fi wà nílẹ̀, kí òfin tó ń dáàbò bo akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ ìwà ipá ìbálòpọ̀ tó dé. Ọdún mẹ́rìnlélógójì! Ẹni tó bá fún un lóyún ń rìn fàlàlà, ọmọbìnrin ló bọ́ yúnifọ́ọ̀mù rẹ̀ sílẹ̀.

Nígbà tí wọ́n gé owó CFA sí méjì ní oṣù Kínní 1994, gbogbo ohun tó ń tòkèèrè wọlé gbówó lórí, aṣọ wà nínú rẹ̀. Ìjọba mú owó ilé-ìwé kúrò ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba ní 2008, ti girama sì tẹ̀ lé e ní 2021. Ohun rere ni. Àmọ́ owó yúnifọ́ọ̀mù ṣì wà lọ́rùn òbí, ọmọ tí kò bá sì ní in kò ní lè kọjá ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé tí wọ́n ní ọ̀fẹ́ ni.

Ẹ jẹ́ ká yà sí Nàìjíríà díẹ̀, nítorí ọgbọ́n tó yẹ kí Tógò kọ́ wà níbẹ̀. Ní Ọ̀ṣun, Gómìnà Raúf Arẹ́gbẹ́ṣọlá fi yúnifọ́ọ̀mù kan náà wọ gbogbo ilé-ìwé ìjọba ní ìpínlẹ̀ náà. Ní 2020, Gómìnà Adégbóyèga Oyètọ́lá ní kí kálukú padà sí aṣọ rẹ̀ àtijọ́. Ìpinnu méjì láàárín ọdún díẹ̀, òbí sì ra aṣọ lẹ́ẹ̀mejì. Ní oṣù Kẹfà 2016, lẹ́yìn tí ilé-ẹjọ́ gíga Ọ̀ṣun gba àwọn ọmọbìnrin Mùsùlùmí láyè láti wọ hijáàbù, àwọn ọmọ Kìrìsìtẹ́nì kan nílùú Ìwó wọ aṣọ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wá sí kíláàsì. Àwọn àgbà ń jà, ọmọdé ni wọ́n fi ṣe ogun. Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ní Nàìjíríà parí ẹjọ́ hijáàbù tó wá láti Èkó ní 17 oṣù Kẹfà 2022, adájọ́ márùn-ún nínú méje sì sọ pé ẹ̀tọ́ ọmọ náà ni láti wọ hijáàbù mọ́ yúnifọ́ọ̀mù rẹ̀.

Ti irun náà ń bẹ. Ní Ghana àti ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ní Tógò, wọ́n ń gé irun ọmọbìnrin mọ́lẹ̀. Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ Achimota kò gba àwọn ọmọ Rasta méjì wọlé nítorí irun wọn, ilé-ẹjọ́ gíga ní Accra pàṣẹ ní 31 oṣù Karùn-ún 2021 pé kí wọ́n gbà wọ́n. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ti rí ọ̀nà tó sàn jù: wọ́n á kọ irun ọ̀sẹ̀ sójú pátákó, ṣùkú lọ́sẹ̀ yìí, ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, gbogbo ọmọbìnrin á jọra, orí wọn á sì ṣì jẹ́ orí ọmọ ìyá wọn. Mo fẹ́ràn ètò yìí gan-an. Ó fi hàn pé èèyàn lè ṣe òfin láìbọ́ ọmọ kúrò nínú ìdílé rẹ̀.

Nítorí náà, bí wọ́n bá ń tún ìlànà ìwọṣọ ṣe ní Datcha tàbí níbikíbi tí a wà, n kò ní kí wọ́n fagi lé yúnifọ́ọ̀mù. Ó ń bo àṣírí ọmọ aláìní níwájú ọmọ olówó. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí wọ́n pe àwọn ìyá, àwọn aránṣọ àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jókòó kí wọ́n tó kọ ohunkóhun sílẹ̀. Kí àwọ̀ má yí padà láìfi ọdún mẹ́ta ó kéré tán sílẹ̀ kí ti àtijọ́ fi gbó. Kí aṣọ náà fẹ́lẹ́ tó fún oòrùn wa. Kí wọ́n mú abẹ jìnnà sí orí ọmọbìnrin, kí ẹni tó bá fẹ́ borí borí. Kí wọ́n má sì dá ọmọ kankan padà lẹ́nu ọ̀nà nítorí aṣọ. Òbí rẹ̀ ni kí wọ́n ránṣẹ́ pè. Lẹ́yìn tí wọ́n ṣí ọgbà ilé-iṣẹ́ ńlá Adétikopé, nítòsí Lomé, ní 2021, àwọn ọmọ Tógò ti bẹ̀rẹ̀ sí í rán aṣọ níbẹ̀ fún ọjà òkèèrè. Ẹ̀yin aláṣẹ, ẹ kọ́kọ́ rán ti ọmọ yín, kí ẹ fi òwú Tógò rán an, kí ẹ sì tà á fún ìyá rẹ̀ ní iye tí apá rẹ̀ ká.