Àpò àti Ọta: Ìtàn Yíyàn Ìbọn Ìléwọ́ Kékeré fún Ààbò Ara Ẹni ní Amẹ́ríkà

Ìfáárà

Ó ṣeé ṣe kí kókó tí mo mú wá ya àwọn kan lẹ́nu. Ìbọn kì í ṣe ohun àjèjì nínú ìtàn Yorùbá. Ọdẹ ní i, jagunjagun ní i, a sì máa ń yìn ín níbi ìsìnkú àgbà. Ṣùgbọ́n ṣakabùlà ni ìbọn tí a mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìbọn gígùn tí gbogbo ojú ń rí ní èjìká ẹni tí ó gbé e. Èyí tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí ni ìbọn ìléwọ́ kékeré, èyí tí a ṣe kí ojú má baà rí i.

Bí ènìyàn bá fẹ́ fi irú ìbọn bẹ́ẹ̀ dáàbò bo ara rẹ̀, ohun méjì ni yóò kọ́kọ́ bèèrè. Báwo ni ó ṣe yẹ kí ìbọn náà kéré tó? Báwo sì ni ó ṣe yẹ kí ọta rẹ̀ tóbi tó? Ilẹ̀ Amẹ́ríkà wà lára ibi tí a ti jiyàn lé ìbéèrè méjèèjì yìí lórí jù lọ, tí a sì ti kọ àríyànjiyàn náà sílẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi gbé ìwádìí mi kà á. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn ni pé ìdáhùn sí ìbéèrè nípa ọta kò dúró sójú kan rí láti nǹkan bí 190 ọdún sẹ́yìn. Ìbéèrè kẹta kan sì wà tí ẹni tí ń yan ìbọn kì í sábà bèèrè: ta ni kíkéré ìbọn náà ń ṣe ní àǹfààní?

Ìtumọ̀ Àwọn Òǹkà

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí òǹkà ara ìbọn túmọ̀ sí. Nígbà tí a bá pe ìbọn kan ní .44, ohun tí a ń sọ ni pé fífẹ̀ ọta rẹ̀ tó nǹkan bí ìdá 44 nínú 100 íǹṣì kan. Nípa báyìí, ìdajì fífẹ̀ yìí ni .22. Àwọn ará Yúróòpù a máa fi mílímítà wọ̀n ọ́n. Ṣùgbọ́n fífẹ̀ nìkan kọ́ ni agbára ọta. Ìwúwo rẹ̀ wà níbẹ̀, eré tí ó ń sá sì wà níbẹ̀, étù ni ó sì ń fún un ní eré. Ìbọn kékeré kò lè gba étù púpọ̀, nítorí ọ̀pá rẹ̀ kúrú, ara rẹ̀ sì fúyẹ́, bí étù bá pọ̀ jù, yóò ta mọ́ ẹni tí ó yìn ín lọ́wọ́. Èrè tí àpò bá jẹ, ọta ni yóò san án. Lórí ìdúnàádúrà yìí ni gbogbo ìtàn tí mo fẹ́ sọ dúró.

Ọta Kékeré Púpọ̀, tàbí Ọta Ńlá Kan

Ní 1836, Samuel Colt gba ìwé àṣẹ ìjọba Amẹ́ríkà lórí ìbọn tí ilé ọta rẹ̀ ń yí bírí, èyí tí a ń pè ní rifọ́fà. Kí ó tó dé, ọta kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ ìbọn ìléwọ́ ń yọ, lẹ́yìn náà ẹni tí ó ni ín yóò dúró láti tún un kì. Ìbọn àpò tí ilé iṣẹ́ Colt gbé jáde ní 1849 jẹ́ .31. Ọdún yẹn gan-an ni àwọn ènìyàn ń wọ́ lọ sí California láti wa wúrà. Iye tí wọ́n ṣe nínú ìbọn yìí kí wọ́n tó dáwọ́ rẹ̀ dúró lé ní 300,000. Oníṣòwò, arìnrìn-àjò àti awakùsà wà lára àwọn tí ń rà á.

Ní 1857, Smith àti Wesson gbé rifọ́fà mìíràn jáde, .22, tí ó ń gba ọta 7. Òjé àti étù rẹ̀ wà pọ̀ nínú àpò bàbà kan ṣoṣo, nítorí náà ẹni tí ó ni ín kò ní ìdí láti máa bu étù sínú rẹ̀ mọ́. Ọta rẹ̀ kéré jọjọ, agbára rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ ogun fi owó ara wọn rà á nígbà Ogun Abẹ́lé Amẹ́ríkà, 1861 sí 1865. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Henry Deringer, alágbẹ̀dẹ ìbọn ní Philadelphia, gba ọ̀nà mìíràn. Ìbọn tirẹ̀ kúrú tó bẹ́ẹ̀ tí àtẹ́lẹwọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ bò ó tán, ọta kan péré ni ó ń yọ, ṣùgbọ́n ọta náà tóbi. Báyìí ni ilé-ìwé èrò méjì ṣe fẹsẹ̀ múlẹ̀. Àwọn kan yan ọta kékeré púpọ̀, àwọn kan yan ọta ńlá kan. Àwọn méjèèjì fẹnu kò lórí ohun kan, pé kí ìbọn náà wọ àpò.

Àwọn Ààrẹ Mẹ́ta

Ní alẹ́ ọjọ́ 14, oṣù kẹrin, 1865, John Wilkes Booth wọ inú ilé eré Ford ní Washington. Ìbọn Deringer kan wà lára rẹ̀, .44, tí gígùn rẹ̀ kò ju nǹkan bí íǹṣì 6 lọ. Ó yìn ín lu Ààrẹ Abraham Lincoln lẹ́yìn orí láti ibi tí ó súnmọ́ ọn gidigidi. Nígbà tí ọ̀gágun tí ó jókòó ti Ààrẹ dìde sí i, ọta ti tán, ọ̀bẹ ni ó fà yọ. Lincoln kú ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí i pé gbogbo ohun tí ó mú kí ìbọn yìí dára fún arìnrìn-àjò tí ń bẹ̀rù olè ni ó mú kí ó dára fún Booth.

Ní ọjọ́ 2, oṣù keje, 1881, Charles Guiteau yìnbọn lu Ààrẹ James Garfield ní ibùdókọ̀ ojú irin ní Washington. Rifọ́fà kúkúrú ni ó lò, ọta rẹ̀ sì tóbi, .442. Garfield kò kú ní ọjọ́ náà. Ó lo ọjọ́ 79 lórí ibùsùn, àwọn oníṣègùn sì ń ti ìka àti irin tí wọn kò fọ̀ mọ́ bọ ojú ọgbẹ́ rẹ̀ láti wá ọta. Egbò tí ó kẹ̀ yìí wà lára ohun tí ó pa á jù lọ. Ní ọjọ́ 6, oṣù kẹsàn-án, 1901, Leon Czolgosz fi aṣọ ìnujú bo rifọ́fà .32 kan ní ọwọ́, ó tò sínú ẹsẹ̀ àwọn tí ń bọ Ààrẹ William McKinley lọ́wọ́ ní Buffalo, ó sì yìn ín lù ú. Ọjọ́ 8 lẹ́yìn náà, McKinley kú. Bí a bá fi .442 wé .32, a ó rí i pé títóbi ọta nìkan kò sọ ẹni tí yóò yè tàbí ọjọ́ tí yóò kú. Ohun tí ó so ìtàn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ ni pé ìbọn náà ṣeé fi pamọ́.

Ọdún 1911

Amẹ́ríkà gba àwọn erékùṣù Philippines lọ́wọ́ Sípéènì ní 1898. Àwọn Moro, Mùsùlùmí ìhà gúúsù erékùṣù wọ̀nyí, kò gbà kí àjèjì jọba lé wọn lórí. Àwọn ọ̀gágun Amẹ́ríkà ròyìn pé rifọ́fà .38 wọn kò dá Moro tí ó mú idà lọ́wọ́ dúró. Ní 1904, Thompson, tí í ṣe ọ̀gágun, àti LaGarde, tí í ṣe oníṣègùn ológun, yìn oríṣiríṣi ọta lu màlúù ààyè níbi tí wọ́n ti ń pa màlúù ní Chicago. Wọ́n sì tún yìn ín lu òkú ènìyàn. Ìdájọ́ wọn ni pé ọta ìbọn ìléwọ́ ológun kò gbọdọ̀ kéré sí .45. Ní 1911, ẹgbẹ́ ọmọ ogun gba ìbọn .45 tí John Browning ṣe ọgbọ́n rẹ̀, wọ́n sì lò ó títí di 1985, nígbà tí wọ́n yan 9 mílímítà dípò rẹ̀. Àwọn tí ń yan ìbọn fún ààbò ilé wọn ṣì máa ń tọ́ka sí ìdánwò yìí. Wọn kì í sábà rántí pé àwọn Moro tí a torí wọn ṣe é ni wọ́n wà ní ilé tiwọn.

Browning yìí kan náà ni ó ṣe ọta .32, .25 àti .380 fún ìbọn àpò. Ìbọn .45 rẹ̀ wúwo ju kílógíráàmù kan lọ, ṣùgbọ́n ìbọn .25 tí ilé iṣẹ́ Colt ń tà láti 1908 kò tó 400 gíráàmù. Ọgbẹ́ni kan ṣoṣo ni ó dáhùn ìbéèrè àpò àti ìbéèrè ọta, ìdáhùn rẹ̀ kò sì jẹ́ ọ̀kan.

Ní 1911 kan náà, Ìpínlẹ̀ New York ṣe òfin tí a fi orúkọ aṣòfin Timothy Sullivan pè. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún náà ni ọkùnrin kan ti yìnbọn pa òǹkọ̀wé David Graham Phillips ní ojú títì ìlú New York, tí ó sì pa ara rẹ̀ lẹ́yìn náà. Òfin yìí kò bèèrè bí ọta ti tóbi tó. Ohun tí ó bèèrè ni bóyá ìbọn náà kéré débi tí ènìyàn lè fi í pamọ́ sára. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó ni ín gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ. Nínú ọdún kan ṣoṣo, ológun wo ọta, aṣòfin sì wo àpò.

Láti Miami dé Ilé-Ẹjọ́

Ní ọjọ́ 11, oṣù kẹrin, 1986, àwọn òṣìṣẹ́ FBI pàdé ọlọ́ṣà méjì tí ń ja báńkì lólè ní Miami. Òṣìṣẹ́ méjì kú, àwọn ọlọ́ṣà méjèèjì náà sì kú. Ọta 9 mílímítà kan ti wọ ara ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́ṣà náà, ṣùgbọ́n ó dúró kí ó tó dé ọkàn rẹ̀, ọkùnrin náà sì ń jà lọ. Nínú ìwé tí FBI kọ ní 1989, wọ́n ní ọ̀rọ̀ pé ọta ìbọn ìléwọ́ lè gbé ènìyàn ṣubú kì í ṣe òótọ́. Ibi tí ọta bá àti bí ó ti wọlé jinlẹ̀ tó ni ó ṣe pàtàkì jù, jíjìn náà kò sì gbọdọ̀ dín ní íǹṣì 12. Wọ́n yan 10 mílímítà, wọ́n bọ́ sí .40, nígbà tí ó sì fi di 2016, wọ́n ti padà sí 9 mílímítà, nítorí pé ọgbọ́n ṣíṣe ọta ti gòkè sí i. Bí àwọn tí iṣẹ́ wọn ni èyí bá lè rìn yípo báyìí láàárín 30 ọdún, kí ni a ó sọ fún ẹni tí ó dúró níwájú àtẹ olùtajà?

Ní 2008, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti Amẹ́ríkà fagi lé òfin tí kò jẹ́ kí ará Washington ní ìbọn ìléwọ́ nílé, ìlú tí Lincoln àti Garfield ti gba ọta. Nínú àwọn ìdí tí ilé-ẹjọ́ kà ni pé ìbọn ìléwọ́ rọrùn láti tọ́jú sí ìtòsí, àti pé ọwọ́ kan lè dì í mú nígbà tí ọwọ́ kejì ń pe ọlọ́pàá. Ní 2022, ilé-ẹjọ́ kan náà fagi lé apá òfin New York tí ó ní kí ẹni tí ó fẹ́ gbé ìbọn jáde kọ́kọ́ fi ìdí pàtàkì kan hàn. Kíkéré tí aṣòfin 1911 bẹ̀rù ni ó di ẹ̀rí ìwúlò ìbọn náà.

Àgbálọgbábọ̀

Ẹ jẹ́ kí a padà sílé. Òfin Ìbọn ti Nàìjíríà, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1959, ka gbogbo ìbọn ìléwọ́ mọ́ àwọn ohun tí ó jẹ́ èèwọ̀ àyàfi pẹ̀lú ìwé àṣẹ olórí orílẹ̀-èdè. Ó fi ṣakabùlà sí ìsọ̀rí mìíràn tí kò le tó bẹ́ẹ̀. Nínú ìsọ̀rí èèwọ̀ yẹn, ó dárúkọ ìbọn ìléwọ́ olókùúta-ìṣáná pẹ̀lú. Irú òkúta kan náà ni ó ń tan iná sí étù ọ̀pọ̀ ṣakabùlà, ọta ṣakabùlà sì lè ṣe ju ti ìbọn kékeré náà lọ. Kí ni ó wá yà wọ́n sọ́tọ̀? Kì í ṣe agbára. A ń rí ọdẹ tí ó gbé ṣakabùlà láti òkèèrè, a sì lè bi í léèrè ibi tí ó ń lọ. Ẹni tí ìbọn wà ní àpò rẹ̀, àwa ni ó rí, àwa kò rí i.

N kò sọ pé ẹni tí ń bẹ̀rù kò ní ìdí láti bẹ̀rù. Awakùsà tí ó ra .31 ní 1849 mọ ohun tí ojú rẹ̀ ń rí. Ṣùgbọ́n ìtàn tí mo ti sọ fi hàn pé ìbéèrè tí ó gba àkókò àwọn ayan-ìbọn jù, ìyẹn ìwọ̀n ọta, ni ìdáhùn rẹ̀ kì í pẹ́ yí padà. Èyí tí kò yí padà láti ọjọ́ Deringer ni pé a kò lè ṣe ìbọn tí yóò fara pamọ́ fún olóòótọ́ tí kò ní fara pamọ́ fún apànìyàn. Àwọn àgbà ní idà ahun ni a fi ń pa ahun. Kí ẹni tí yóò yan irú ohun ààbò bẹ́ẹ̀, àti ìlú tí yóò fún un láṣẹ láti yàn án, kọ́kọ́ ro èyí kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ọta.