Oúnjẹ àti Ìdàgbàsókè Ọmọdé ní Ìgbèríko Yorùbá

Ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé, pàápàá èyí tí wọ́n bí sí abúlé àti ìlú kéékèèké, níbi tí oúnjẹ rẹ̀ ti ń ti oko òbí rẹ̀ wá. Ìmẹ̀sí-Ilé, ìlú kan tó wà láàárín òkè ní ibi tó di Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun lónìí, wà lára àwọn ibi tí àwọn oníṣègùn ti fara balẹ̀ wo bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ṣe ń dàgbà. Ní 1957 ni Dókítà David Morley, òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀. Òun àti àwọn nọ́ọ̀sì ń tẹ̀ lé àwọn ọmọ ìlú náà láti ìgbà ìbí, wọ́n ń wọn ìwọ̀n wọn lóòrèkóòrè, wọ́n sì ń kọ àìsàn tó bá ṣe wọ́n sílẹ̀.

Oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ kì í ní wàhálà púpọ̀. Ọmú ìyá tó ọmọ, ọmọ ń tóbi dáadáa. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìwọ̀n rẹ̀ máa ń dúró sójú kan títí ó fi ń sún mọ́ ọdún méjì, ó tilẹ̀ lè já wálẹ̀. Ojú lásán kì í tètè rí i. Ọmọ náà lè máa ṣeré, kó máa rẹ́rìn-ín, kí àwọn ará ilé sì máa sọ pé bí bàbá rẹ̀ ṣe rí ní kékeré nìyẹn. Òṣùwọ̀n ló ń tú àṣírí.

Ẹ̀kọ ni oúnjẹ àkọ́kọ́ tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ń tọ́ wò lẹ́yìn ọmú, ẹ̀kọ kò sì burú. Bí a ṣe ń ṣe ògì àti bí a ṣe ń pò ó fún ọmọ ni ọ̀ràn wà. A ó rẹ àgbàdo sómi fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, a ó lọ̀ ọ́, a ó sẹ́ ẹ. Èérí tí a sẹ́ kúrò ń kó apá kan èròjà amúaradàgbà àti irin inú àgbàdo lọ, omi tí a dà nù náà ń kó tirẹ̀. Adìẹ àti ewúrẹ́ ló ń jàǹfààní èérí yẹn, ọmọ kò rí nínú rẹ̀. Ògì tó kù funfun, ó sì ń dán, ṣùgbọ́n sítáàṣì ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Nígbà tí omi gbígbóná bá kan ògì, yóò ki, a ó tún fi omi là á kó lè ṣeé mu. Ikùn ọmọ ọlọ́dún kan kéré: ìwọ̀nba tó mu ti kún inú rẹ̀, omi ló sì pọ̀ jù nínú ohun tó mu. Ó yó, ṣùgbọ́n oúnjẹ kò dé ara rẹ̀.

Ohun tó lè tún ẹ̀kọ ṣe kò jìnnà sílé. Ẹ̀wà tí a bó tí a sì lọ̀ kúnná, ẹ̀pà sísun, edé tàbí ẹja gbígbẹ tí a gún, gbogbo wọn ló ń fún un ní èròjà amúaradàgbà. Ṣíbí epo pupa kan ń fi agbára kún un láìjẹ́ pé oúnjẹ pọ̀ sí i, fítámì A sì wà nínú rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìjọba àpapọ̀ ní Òṣòdì, FIIRO, ti po ẹ̀wà sóyà mọ́ ògì, wọ́n sì pè é ní Soy-Ogi.

Ohun tí kì í jẹ́ kí wọ́n fi ẹran àti ẹyin kún oúnjẹ ọmọ kì í ṣe owó nìkan. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà gbà pé ọmọ tó bá ń jẹ ẹyin tàbí ẹran púpọ̀ yóò di olè, torí pé ẹnu rẹ̀ á ti mọ adùn tí ọwọ́ òbí rẹ̀ kò ká. Nígbà tí wọ́n bá sì bu ọbẹ̀, bàbá ló ń kọ́kọ́ gba ẹran. Ọmọ tó kéré jù lọ ń gba omi ọbẹ̀. Mo gbà pé ìtọ́jú ìwà ni àwọn baba wa ní lọ́kàn, ṣùgbọ́n ara ọmọ kò mọ ìyẹn.

Àìsàn ń parí iṣẹ́ tí oúnjẹ bẹ̀rẹ̀. Èéyi burú púpọ̀ ní Ìmẹ̀sí nígbà náà: ẹnu ọmọ á bó, kò ní lè jẹun, ìgbẹ́ gbuuru á tẹ̀ lé e, ìwọ̀n rẹ̀ á sì já wálẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ibà ń ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Ìbẹ̀rẹ̀ òjò tún ń dá kún un, nígbà tí iṣu àná ti tán, tí tuntun kò tíì jáde, tí ìyá sì ń wà lóko láti òwúrọ̀ kùtùkùtù. Ẹ̀gbọ́n tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ ọmọdé ló ń fún àbúrò lóúnjẹ nílé.

Bí àìtó oúnjẹ yìí bá le jù, ó lè di kwashiorkor: ẹsẹ̀ àti ojú á wú, irun á pupa á sì fẹ́lẹ́, awọ á máa bó, ọmọ kò ní fẹ́ ṣeré mọ́. Dókítà Cicely Williams ló kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1933 láti Gold Coast, Ghana òde òní, lára àwọn ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú tí oúnjẹ àgbàdo sì di gbogbo oúnjẹ wọn. Òmíràn wà tí kì í wú rárá, rírù ló ń rù títí awọ á fi lẹ̀ mọ́ egungun.

Ohun tí Morley fi sílẹ̀ fún ayé ni káàdì kékeré kan tí ìlà ìwọ̀n ọmọ ń gòkè lórí rẹ̀. Ìyá ló ń tọ́jú rẹ̀ nílé nínú ọ̀rá, kì í ṣe ilé-ìwòsàn. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè gba irú rẹ̀, ní 1982 sì ni UNICEF fi títẹ̀ lé ìdàgbàsókè ọmọ sí ara ohun mẹ́rin tó fẹ́ fi dá ẹ̀mí ọmọdé sí. Ṣùgbọ́n wíwọ̀n kì í ṣe oúnjẹ. Ilé ìtọ́jú tí wọ́n bá ti wọn ọmọ, tí wọ́n fi àmì síbẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò sì bi ìyá léèrè ohun tó fún un jẹ, iṣẹ́ òfo ni wọ́n ṣe.

Lónìí, okùn tí a fi ń wọn apá ni àwọn òṣìṣẹ́ abúlé fi ń tètè mọ ọmọ tó wà nínú ewu. Láti oṣù mẹ́fà dé ọdún márùn-ún, apá tí kò tó 12.5 sẹ̀ǹtímítà fẹ́ ìtọ́jú. Èyí tí kò tó 11.5 fẹ́ ìtọ́jú kíákíá. Kí ọmọ kúrú ju bó ṣe yẹ fún ọjọ́ orí rẹ̀ lọ ló ṣòro láti tún ṣe. Ìwádìí ìlera tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà ní 2018 rí i lára ọmọ 37 nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì tó 45 ní ìgbèríko. Ìwádìí yẹn kan náà fi hàn pé láàárín oṣù mẹ́fà sí ọdún méjì, ọmọ 11 péré nínú ọgọ́rùn-ún ló ń jẹ oúnjẹ tó pé iye ìgbà àti onírúurú tó yẹ.