Iṣẹ́ Nọ́ọ̀sì àti Iṣẹ́ Ilé

Ní ọdún 1860 ni Florence Nightingale dá ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì sílẹ̀ ní ilé-ìwòsàn St Thomas', Lọ́ńdọ̀nù. Ọgbà ilé-ìwòsàn ni àwọn tí ń kọ́ṣẹ́ ń gbé. A ń bọ́ wọn, a sì ń fọ aṣọ wọn. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ wà: ìwọ̀n ẹni tí kò ní ilé tí ń dúró dè é ni a fi rán iṣẹ́ náà.

Ní 1946, Kofoworola Pratt wọ ilé-ẹ̀kọ́ yẹn kan náà, abilékọ sì ni. Òun ni ó wá di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ olórí nọ́ọ̀sì ní UCH, Ìbàdàn. Ọ̀pọ̀ abilékọ ti tọ ipasẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ilé wọn kò dín.

Ẹ wo nọ́ọ̀sì méjì tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ òru mọ́jú. Bí ọkùnrin bá délé, a jẹun, a sì sùn. Òótọ́ ni pé òun náà ní ẹrù tirẹ̀: bí owó ilé kò bá tó, òun ni a ń bi. Ṣùgbọ́n bí obìnrin bá délé, yóò wẹ ọmọ, yóò sìn ín lọ sí ilé-ìwé, yóò ná ọjà, yóò dáná. Kí ó tó fẹ̀yìn lélẹ̀, iṣẹ́ òru mìíràn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn. Owó-oṣù wọn lè dọ́gba. Oorun wọn kò dọ́gba.

Ìwé iṣẹ́ ilé-ìwòsàn kì í ka wákàtí ìdáná. Nítorí náà, bí ẹ bá rí nọ́ọ̀sì tí ń tòògbé, ẹ má ṣe tètè pè é ní ọ̀lẹ.