Adágún Chad àti Àwọn Tí Ń Gbé Ìsàlẹ̀ Odò

Ní Ilé-Ifẹ̀ níbí, bí òjò bá fi ọ̀sẹ̀ mélòó kan pẹ́, ariwo a ta. Ẹ jẹ́ kí á wo ibi tí ọ̀rọ̀ omi gbé le jù bẹ́ẹ̀ lọ, èyíinì ni Adágún Chad, níbi tí Nàìjíríà, Niger, Chad àti Kamẹrúùnù gbé pààlà. Ẹja gbígbẹ láti ibẹ̀ ti ń dé ọjà wa tipẹ́, nítorí náà ọ̀ràn náà kò jìnnà sí ìkòkò ọbẹ̀ wa.

Àwọn odò ibẹ̀ kì í dé òkun. Odò Chari àti Logone, tí ń gbé bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá omi adágún náà wá láti gúúsù, inú rẹ̀ ni wọ́n parí sí, oòrùn a sì fa èyí tí ó pọ̀ jù nínú omi náà gbẹ. Ilẹ̀ ibẹ̀ kò gbẹ báyìí láyé àtijọ́. Ní ọdún 1987, darandaran kan tí ń gbẹ́ kànga ní Dufuna, ní ilẹ̀ Yobe, kan ọkọ̀ onígi kan lábẹ́ ilẹ̀, èyí tí ọjọ́ orí rẹ̀ tó nǹkan bí 8,000 ọdún. Ibi tí wọ́n ti ń wa omi nínú kòtò ni àwọn ará ìjọ́un ti ń tukọ̀!

Ní ọjọ́ 22, oṣù Karùn-ún, ọdún 1964, orílẹ̀-èdè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní Fort-Lamy, ìlú tí a ń pè ní N'Djamena láti ọdún 1973. Wọ́n dá Àjọ Agbègbè Adágún Chad sílẹ̀, wọ́n sì gbà pé ẹnikẹ́ni nínú wọn kò ní í dáwọ́ lé iṣẹ́ tí yóò dín omi náà kù gidigidi láìkọ́kọ́ fi tó Àjọ náà létí. Nígbà náà, adágún náà fẹ̀ tó nǹkan bí 25,000 kìlómítà onígun mẹ́rin. Ọ̀dá ọdún 1972 sí 1974 dé, ti ọdún 1984 tún dé, ó wá kù bí 2,000 péré.

Ọ̀dá ni olórí ẹjọ́ o, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọmọ ènìyàn náà wà níbẹ̀. Ìjọba wa pète láti bomi rin oko 67,000 hẹ́kítà ní gúúsù adágún náà. Omi sá sẹ́yìn, ẹ̀rọ sì dúró láìrí omi fà. Ní òkè odò, a kọ́ dáàmù Tiga ní ọdún 1974, a sì parí ti Challawa ní 1992. Kano rí omi mu, oko rẹ̀ sì tutù, n kò sì lè bá wọn jà sí i. Ṣùgbọ́n ní ìsàlẹ̀, ní Hadejia àti Nguru, ìkún omi tí àgbẹ̀, apẹja àti darandaran fi ń ka oṣù dín kù.

Àwọn kan ń sọ pé adágún náà kò ní í pẹ́ gbẹ tán. Kò rí bẹ́ẹ̀: láti àárín àwọn ọdún 1990, òjò ti padà díẹ̀, omi sì ti gòkè. Ogun tí ó bẹ́ sílẹ̀ ní Borno ní 2009 ni ó lé ọ̀pọ̀ apẹja kúrò létí rẹ̀. Ní ọdún 2018, ìpàdé ńlá kan ní Àbújá fọwọ́ sí èrò pé kí a fa omi wá láti agbègbè odò Congo. Iṣẹ́ ńlá ni, owó rẹ̀ kò sì kéré. Kí a tó lọ gbé omi ẹlòmíràn, èmi ìbá fẹ́ mọ ẹni tí ń ṣí ilẹ̀kùn dáàmù Tiga, oṣù tí ó ń ṣí i, àti bóyá ẹnikẹ́ni ń ránṣẹ́ sí apẹja Nguru ṣáájú.